Ta ló ní kí ẹ̀rọ máa gbé igbá lé wa lórí?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ní Bénin ni mo ti ń kọ̀wé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onígàrí kan níbí. A ní ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, ilé oníbíríkì la ti ń ṣiṣẹ́, a sì ní àkáǹtì ní báǹkì. A fẹ́ ṣe pátákó ìpolówó, mo bá ní kí IA (ẹ̀rọ onílàákàyè) orí fóònù yàwòrán fún wa. Mo kọ 'femme africaine, coopérative de gari, Bénin', ìyẹn obìnrin Áfíríkà, ẹgbẹ́ onígàrí, Bénin. Ọmọbìnrin kan ló yọ, ó gbé igbá lérí, ó pọn ọmọ, ó dúró níwájú ahéré. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa kún ọrùn rẹ̀ dé àgbọ̀n, wọ́n sì fi ẹfun tò sí i lójú. Mo tún kọ 'le président de la coopérative', alága ẹgbẹ́, ọkùnrin oníkóòtù ló jókòó síbẹ̀. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ ni, àbí bí ẹ̀rọ ṣe rí wa nìyẹn? Kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé wa. Méjèèjì ni. Ẹ̀bi tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ tẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un: "africaine" àti "le". Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà àtúnṣe ti jáde.

Ẹ̀rọ ayàwòrán kò rí Kétu rí. Àwòrán tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lábẹ́ ló rí. Stable Diffusion, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, kẹ́kọ̀ọ́ lára àkójọ kan tó ń jẹ́ LAION-5B, tí àjọ kan ní Jámánì kó jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán bílíọ̀nù 5.85 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Apá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, bíi bílíọ̀nù 2.3, ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fi ẹ̀rọ mìíràn ṣa àwọn tó "rẹwà" nínú wọn, kí àwòrán tí yóò máa jáde lè dùn ún wò. Ẹ fi ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí sọ́kàn. Fọ́tò obìnrin tó jókòó ti ìwé ìṣirò lábẹ́ iná ilé iṣẹ́ kì í yege níbi ìdíje ẹwà bẹ́ẹ̀.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Arìnrìn-àjò tó gba Kétu kọjá kì í dúró ya obìnrin tó ń ka owó ní báǹkì. Èyí tó ru ẹrù bọ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ni yóò yà, yóò sì kọ "femme africaine" sábẹ́ rẹ̀ torí pé kò bèèrè orúkọ. Àjọ tó ń wá owó ìrànlọ́wọ́ yóò ya ìyá tó rù. Obìnrin wa tó jẹ́ oníṣirò owó ńkọ́? Bí fọ́tò rẹ̀ bá tilẹ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò kọ sí i. Kò sẹ́ni tí yóò kọ "africaine" síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe di ahéré, igbá, ìlẹ̀kẹ̀ àti òṣì lójú ẹ̀rọ nìyẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ rí yẹn gan-an, ti àwọn Maasai ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà ló jọ, ọ̀nà tó ju 3,000 kìlómítà lọ sí ọ̀dọ̀ yín. Lójú ẹni tó kọ "africaine", ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀rọ kì í sọ ohun tó gbọ́ bó ṣe gbọ́ ọ; ó máa ń fi iyọ̀ sí i. Ní 2023, ilé ìròyìn Bloomberg ní kí Stable Diffusion ya àwòrán tó ju 5,000 lọ nípa iṣẹ́ 14 àti ìwà ọ̀daràn. Nínú àwọn àwòrán adájọ́, nǹkan bíi ìdá 3 nínú 100 péré ló jẹ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ ìdá 34 nínú àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà ni obìnrin. Ọ̀rọ̀ kíkọ náà kò yàtọ̀. UNESCO dán àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé wò ní 2024, wọ́n sì rí i pé Llama 2, ọ̀kan nínú wọn, fi obìnrin sídìí iṣẹ́ ilé ní ìlọ́po mẹ́rin ti ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n ní kó kọ nípa àwọn ará Zulu, ó sọ obìnrin wọn di ọmọ ọ̀dọ̀, alásè àti atọ́jú-ilé nínú nǹkan bíi ìdá 20 nínú 100 àwọn ìtàn náà. Ẹ wò ó bí ẹrù ṣe ń gun orí ẹrù: jíjẹ́ obìnrin ní tirẹ̀, jíjẹ́ ọmọ Áfíríkà ní tirẹ̀, jíjẹ́ ẹni tí èdè rẹ̀ kò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tún gorí wọn. Ọ̀kan péré ni obìnrin Paris ń rù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Bénin" tí ẹ kọ náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè wa gba orúkọ yìí. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, "Benin" ti so mọ́ ìlú Ẹ̀dó ní Nàìjíríà ṣáájú, pàápàá mọ́ àwọn ère idẹ tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897. Ẹ lè kọ "femme du Bénin" kí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ààfin Ẹ̀dó yọ sí yín. Bí ẹ bá sá fún ìyẹn tí ẹ kọ "Dahomey", orúkọ wa àtijọ́, ó ṣeé ṣe kó gbé àwọn Agojie wá, obìnrin ológun Abomey, tidà-tidà. Ọmọ Alákétu kì í sì í gbàgbé pé ọmọ ogun Dahomey ló sun Kétu ní 1886. Ẹ wáá gbé obìnrin yín wọ aṣọ ológun Dahomey lórí pátákó gàrí, kí ẹ wo ohun tí àwọn àgbà ìlú yóò sọ.

Ó yá, iṣẹ́. Ẹ pa orúkọ ilẹ̀ àti ẹ̀yà tì, kí ẹ dárúkọ ohun tí ojú lè rí: ọjọ́ orí, ohun tí ọwọ́ ń ṣe, irinṣẹ́, aṣọ, ògiri, òrùlé, iná. Faransé ni kí ẹ fi kọ ọ́, tàbí Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ bá gbọ́ ọ. Yorùbá kò tíì ṣeé gbára lé fún iṣẹ́ yìí, torí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń gé àwọn lẹ́tà olóhùn wa sí wẹ́wẹ́ tí kò ní ìtumọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan rèé tó bá iṣẹ́ yín mu:

"Photo. Une femme de 55 ans, présidente de coopérative, debout à côté d'une râpe à manioc à moteur, une main sur la machine. Tablier en plastique bleu sur camisole et pagne, foulard noué, bottes en caoutchouc. Murs en parpaings, toit en tôle, sacs de gari empilés, cahier de comptes ouvert sur une table."

Ẹ ṣàkíyèsí bí a ṣe tò ó. Ẹni náà àti iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣíwájú, ilé ló kẹ́yìn. Ìdí ni pé àwọn Stable Diffusion àkọ́kọ́ kì í ka àpèjúwe kọjá ègé ọ̀rọ̀ 77. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀ dànù. Ọ̀rọ̀ Faransé kan lè di ègé méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà àpẹẹrẹ yìí pàápàá lè gùn jù lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀; ẹ gé e kù. Iye ọjọ́ orí ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ọmọ ogún ọdún ló sábà máa ń yọ.

Ẹ má kọ "belle", arẹwà, láéláé. Ọ̀rọ̀ yẹn lè mú awọ ara fúyẹ́, kó sọ ìdí di tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì ṣí aṣọ sílẹ̀. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu: nígbà tí Abeba Birhane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ LAION-400M, ẹ̀gbọ́n LAION-5B, wò ní 2021, àwòrán ìhòòhò àti ti ìfipábánilòpọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní ohun búburú kan nínú nípa obìnrin sì ń gbé wọn jáde. Dípò "belle", ẹ kọ "visage concentré" tàbí "sourire léger".

Gèlè tún jẹ́ ìṣòro. Ẹ kọ "gele" kó gbé láwàní wá, tàbí kó gbé ohun tó dà bí ìbòrí àwọn obìnrin Lárúbáwá. Ẹ ṣàpèjúwe bó ṣe rí: aṣọ líle tí wọ́n wé sókè, ìṣẹ́po rẹ̀ dà bí abẹ̀bẹ̀, etí yọ síta. Bákan náà ni irun. Kò mọ ṣùkú. Ẹ kọ pé irun dídì ni, ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ lọ pàdé ní àárín orí. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi ìborí kan tó rọrùn bò ó, kí iṣẹ́ máa lọ.

Àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nìyí: wọ́n á kọ "pas de case", kò sí ahéré, ahéré á sì yọ. Apá tó ń ka ọ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí kò mọ "kò sí" dáadáa. "Case" ló gbọ́. Ohun tí ẹ fẹ́ rí ni kí ẹ sọ: bíríkì, páànù, ilẹ̀ oníṣìmẹ́ńtì. Bí ẹ̀rọ náà bá ní àpótí ọ̀tọ̀ fún ohun tí ẹ kò fẹ́, ibẹ̀ ni "case, calebasse, collier, peinture du visage" ń lọ, láìsí "pas de".

Àwọn ẹ̀rọ tí ẹ lè yí ìdí rẹ̀ ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní guidance tàbí CFG. 7 tàbí 7.5 ni wọ́n sábà máa ń gbé e kalẹ̀ sí. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń ga ni ẹ̀rọ ń rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yín tó, àwọ̀ á máa le sí i, ojú àwọn ènìyàn á sì máa jọra. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 4 tàbí 5 kí ẹ fi wéra. Bí ẹ bá lọ sí 2, kò ní gbọ́ tiyín mọ́.

Ti "le président", ìyẹn rọrùn. Ní èdè wa, alága ni alága. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá ó ń dá irùngbọ̀n. Faransé kò gbà bẹ́ẹ̀. "Une présidente", "une soudeuse", "une mécanicienne", "une conductrice de camion" ni kí ẹ máa kọ. Níbi tí Faransé kò bá ti ní ọ̀rọ̀ obìnrin tó fìdí múlẹ̀, ẹ fi "une femme" ṣíwájú iṣẹ́ náà. Bí ènìyàn bá pọ̀ nínú àwòrán, ẹ sọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀rọ lè gbé alága yín sẹ́yìn kí ọkùnrin máa júwe ẹ̀rọ fún un. Èyí tó le jù ni kí ẹ yí ẹni tó ń ṣèrànwọ́ àti ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ padà. Àwọn olùwádìí gbé irú rẹ̀ jáde nínú Lancet Global Health ní 2023: wọ́n ní kí Midjourney, ẹ̀rọ ayàwòrán mìíràn, ya dókítà aláwọ̀ dúdú tó ń tọ́jú ọmọ aláwọ̀ funfun. Wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ títí, àwòrán lé ní 300, ọmọ aláìsàn ṣáà ń jẹ́ dúdú nínú èyí tó pọ̀ jù. Irú ìyẹn, ẹ má fi àárọ̀ yín ṣòfò lé e.

Kí ẹ tó gba àwòrán kankan, ẹ kà á. Ẹ fi àpèjúwe kan náà ya 20, kí ẹ fa ìlà sórí ìwé: obìnrin mélòó, ọjọ́ orí, ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí ló wà lórí, kí ló wà lẹ́sẹ̀, ògiri wo, ta ló dúró níwájú. Lẹ́yìn náà ẹ yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà, kí ẹ tún ya 20. Bí ìdí ẹ̀rọ bá ṣeé ṣí, ẹ lo nọ́ńbà seed, èyí tí ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán, kan náà nígbà méjèèjì, kó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ojú ẹsẹ̀ lẹ ó mọ ọ̀rọ̀ tó ń kó igbá wọlé. Àwòrán kan tó dára kò fi hàn pé ẹ̀rọ gbọ́. Ó lè jẹ́ oríire.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ni, ẹ bi í pé: "Gbé àpèjúwe tí o fún ayàwòrán gan-an hàn mí." Ọ̀pọ̀ wọn máa ń tún ọ̀rọ̀ yín kọ kí wọ́n tó yà á, tí wọ́n á sì fi "vibrant", "traditionnel" tàbí "village" tiwọn kún un. Nígbà mìíràn ilé iṣẹ́ tó ni ín ló ń ti ọ̀rọ̀ sí i níkọ̀kọ̀ kí oríṣiríṣi ènìyàn lè yọ. Ìyẹn gan-an ló kó Google sí wàhálà ní oṣù kejì ọdún 2024, tí Gemini, ẹ̀rọ tirẹ̀, fi ya ọmọ ogun Nazi aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n fi dá yíya ènìyàn dúró fúngbà díẹ̀. Bí a bá lẹ awọ dúdú mọ́ àwòrán, a kò tíì fi ìmọ̀ sí i.

Ẹ má bọ́ sínú ìdẹwò Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Mo mọ̀ pé torí Kétu ni yóò fi wá sọ́kàn, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2008. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ń gbé e, ní àwọ̀ obìnrin, láti fi júbà àwọn ìyá wa. Ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn. Ẹ kọ "femme gelede" kó fi ère bo obìnrin lójú, kó sọ ọ́ di ohun ẹ̀rù. Kí ló tiẹ̀ pa gàrí pọ̀ mọ́ ọn?

Ọ̀rọ̀ kíkọ abẹ́ pátákó ńkọ́? Níbẹ̀, Yorùbá wa ń bo obìnrin láṣìírí, ìtumọ̀ á sì tú u. Ẹ kọ "Ó jẹ́ dókítà. Ó ń tọ́jú ọmọ" sínú ẹ̀rọ atúmọ̀. "Ó" kan náà ni, ṣùgbọ́n Faransé gbọ́dọ̀ yan il tàbí elle, ẹ̀rọ yóò sì yan èyí tó ti rí jù: dókítà lè di il, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ á di elle. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ẹ̀rọ náà" lè di "mon grand frère", kí ohun ìní obìnrin bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin bẹ́ẹ̀ láìsí ìjà. Orúkọ wa pàápàá, Ayọ̀délé, Adéṣọlá, kò sọ ti akọ tàbí abo. Kí ẹ tó fi ṣọwọ́, ẹ kọ "obìnrin" mọ́ iṣẹ́ nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ẹ sì wá gbogbo il àti son nínú ìtumọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyálọ́jà, ẹ fi sílẹ̀ ní Yorùbá. Bó bá di "mère du marché", oyè ti di ìyá ọlọ́mọ.

Gbogbo èyí tí mo sọ wúlò, àmọ́ bó bá jẹ́ pátákó yín ni, fọ́tò àwọn obìnrin yín fúnra wọn ni mo fara mọ́. Ìdí kan jẹ́ ti ìṣirò lásán: àwòrán ẹ̀rọ sábà máa ń jẹ́ píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1024 ní ìbú. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé A3 tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 29.7 sẹ̀ǹtímítà, bíi 88 ló bọ́ sínú íǹṣì kan, yóò sì rí gbágungbàgun. Fóònù tó ń ya mẹ́gápíksẹ́lì 12 ń fún yín ní 3000 lórí ìbú kan náà, tó jẹ́ nǹkan bíi 256 nínú íǹṣì kan. Ìyẹn mọ́ dáadáa. Ẹ yà á láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, tàbí lábẹ́ òjìji, kí ìmọ́lẹ̀ kọjú sí ojú ẹni tí ẹ ń yà. Ẹ tẹ ojú rẹ̀ lórí fóònù kó lè fi awọ dúdú díwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó fi ògiri funfun díwọ̀n, ojú á ṣókùnkùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tó wọlé. Ẹ fún un ní fọ́tò yín kó tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe, kó kó ike tó wà nílẹ̀ kúrò. Níbi tí ẹ bá ti rí strength, nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe yí fọ́tò yín padà tó, ẹ má kọjá 0.3 sí 0.45, láti 0.6 sókè, ẹlòmíràn ló ń yà. Èyí tó dára jù ni kí ẹ bo ojú àti ọwọ́ pátápátá kó má lè kàn wọ́n. Kí ẹ sì wo awọ ara: ẹ fi irinṣẹ́ tó ń mú àwọ̀ tẹ iwájú orí ẹni náà nínú fọ́tò àkọ́kọ́ àti nínú èyí tó jáde. Bí nọ́ńbà mẹ́ta tó ń sọ àwọ̀ náà (pupa, àwọ̀ ewé, búlúù) bá ti lọ sókè tayọ, ó ti fi ọṣẹ bó o, ẹ dá a padà.

Ìyọ̀ǹda ṣáájú gbogbo rẹ̀. Òfin dátà wa, Code du numérique ti 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ka fọ́tò tí a fi lè dá ènìyàn mọ̀ kún dátà ara ẹni, APDP, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo dátà ara ẹni, ló sì ń ṣọ́ ọ. Ìwé kan ṣoṣo tó: orúkọ, ohun tí ẹ fẹ́ fi fọ́tò ṣe, ibi tí yóò ti yọ, ìgbà tí yóò fi wà níbẹ̀, pé ẹ lè fi ẹ̀rọ tún un ṣe, pé ẹni náà lè ní kí ẹ yọ ọ́. Ẹ kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé, ní Yorùbá, kó tó tẹ̀ka. Fọ́tò ọmọdé, ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ rárá.

Nígbà tí ẹ bá gbé fọ́tò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ IMG_2034. Bí ẹni náà bá yọ̀ǹda, ẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ sọ fáìlì lórúkọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá àti Faransé: alága ẹgbẹ́ onígàrí, ó dúró ti ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, Kétu, pẹ̀lú ọdún. Wikimedia Commons, àkójọ fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè lò, ń gba irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ kí àjèjì tún fọ́tò òun lò, ẹ má gbé tirẹ̀ lọ síbẹ̀.